Android tàbí iPhone: Ohun tí ìwé àjọ tí òjò pa kọ́ mi n'Ìjẹ̀bú-Òde

Ọjọ́ tí òjò ńlá kan rọ̀ l'ọ́jà Òkè-Ajé, n'Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dún 2024, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ló máa ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò inú ọjà náà, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Ìwé ńlá kan báyìí ló máa ń kọ orúkọ gbogbo wọn sí, tí yóò sì fi bírò fa igi síwájú orúkọ ẹni tó bá ti san ti ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà, omi wọ inú báàgì rẹ̀. Nígbà tí yóò fi délé, bírò ti ṣàn, igi márùn-ún ti di ẹyọ kan, orúkọ àwọn mìíràn kò sì ṣeé kà mọ́.

Ẹ̀yin náà á ti mọ ohun tó tẹ̀lé e. Nígbà tí oṣù parí, obìnrin kan tó ń ta gààrí sọ pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lòun san, Màmá Àgbà ní méjìdínlógún lòun rántí. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni obìnrin náà ń dá lójúmọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé N6,000 ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Màmá Àgbà kò bá a jà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, ó san owó náà, nítorí pé bí orúkọ alájọ bá ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tí yóò tún gbé kọ́bọ̀ lé e lọ́wọ́ mọ́. Àmọ́ kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó di òwúrọ̀, ó pè mí, ó ní: "Ìwọ tó o kàwé dé yunifásítì, tó o ń tẹ fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé fóònù ọ̀hún kò lè bá mi kọ ìwé àjọ ni?"

Ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní yunifásítì o, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún àgbàlagbà náà pé n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ áàpù nìyẹn, ní alẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí iná bá sì wà. Àmọ́ kí n tó dé ibì kankan rárá ni mo ti bá ìbéèrè kan pàdé: ṣé fóònù Android ni kí n kọ ọ́ fún ni, àbí iPhone?

Ìbéèrè yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa máa ń bi ara yín nígbà tí ọmọ tó wà lókè òkun bá pè pé irú fóònù wo ni kí òun fi ránṣẹ́. Mo ń lo méjèèjì, mo sì ti gbìyànjú láti ṣe nǹkan sínú méjèèjì. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ rò fún yín.

IBI TÍ A TI Ń BỌ̀

Bí a kò bá gbàgbé, ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM wọ orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà náà, ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n máa ń gba owó rẹ̀, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lo fi sọ̀rọ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Globacom, ti ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó nì, Mike Adenuga, dé pẹ̀lú gbígba owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Láti ìgbà náà ni fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ti gbogbo mùtúmùwà.

Nokia ló gbòde nígbà yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni BlackBerry dé, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀dọ́ méjì bá pàdé lóde ìnáwó, "Fún mi ní PIN rẹ" ni wọ́n máa ń sọ fún ara wọn. Lónìí ńkọ́? Lóṣù kejì ọdún 2011 ni Nokia kéde pé òun ń fi ètò Symbian tirẹ̀ sílẹ̀ lọ bá Windows Phone ti Microsoft. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2020, Microsoft fúnra rẹ̀ ti ká ọwọ́ kúrò nínú Windows orí fóònù. Ètò BBM tí gbogbo ayé fi ń ráńṣẹ́ síra wọn kógbá wọlé ní ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 2019. Nígbà tó sì di ọjọ́ 4, oṣù kìíní, ọdún 2022, ilé iṣẹ́ BlackBerry dá iṣẹ́ dúró lórí àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ náà.

Méjì péré ló ṣẹ́ kù tó lórúkọ: iOS, tó wà nínú iPhone tí Apple gbé jáde lọ́dún 2007, àti Android ti Google, tí fóònù àkọ́kọ́ tó gbé e dé ọjà jáde lọ́dún 2008. Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé ẹni tó bá ra fóònù, ẹni tó sì ń kọ áàpù sínú rẹ̀, ilẹ̀ onílẹ̀ làwọn méjèèjì ń kọ́lé sí. Ọjọ́ tí onílẹ̀ bá ní òun kò ṣe mọ́, ilé náà di àlàpà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín onílẹ̀ méjèèjì nìyí. Apple nìkan ló ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tirẹ̀, kò gba ẹlòmíràn láyè. Google ní tirẹ̀ fi ilẹ̀ Android sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ láti kọ́lé sí: Samsung ń kọ́, Xiaomi ń kọ́, Tecno, Infinix àti itel náà ń kọ́. Ohun tó fà á nìyẹn tí èèyàn fi lè rí Android olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi, ṣùgbọ́n tí iPhone kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lárọ̀ọ́wọ́tó mẹ̀kúnnù, àfi tó bá jẹ́ tòkunbọ̀.

ẸNI TÓ Ń LÒ Ó

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàn ń lò ó. Bí ojú fóònù Android tó gbajúmọ̀ bá fọ́ n'Ìjẹ̀bú-Òde, èèyàn kò ní rìn jìnnà kó tó rí ẹni tí yóò bá a pààrọ̀ rẹ̀. Ti iPhone máa ń wọ́nwó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ayédèrú ojú fóònù sì pọ̀ nínú ọjà.

Ọ̀rọ̀ síìmù tún wà ńbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já geere nílùú lè máà já rárá lóko, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo síìmù méjì. Púpọ̀ nínú fóònù Android tí wọ́n ń tà níbí ló ní ojú ihò síìmù méjì. Ti iPhone kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ihò síìmù kan ló ní, èkejì sì jẹ́ èyí tí kò ní káàdì, tí wọ́n ń pè ní eSIM. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà l'Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ o: láti orí iPhone 14 tó jáde lọ́dún 2022, àwọn tí Apple ń tà l'Amẹ́ríkà kò ní ihò síìmù kankan rárá. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ kò ní rí ibi ti káàdì bọ̀. Àfi kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí wọ́n bá yín ṣe eSIM.

Ní ti kí fóònù pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, iPhone ló ń borí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó máa ń tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí Apple yóò fi máa tún inú rẹ̀ ṣe láti ọ̀nà jíjìn, kí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì má baà rí ibi gbà wọlé. Google láti orí Pixel 8 lọ́dún 2023, àti Samsung láti orí Galaxy S24 lọ́dún 2024, ti ṣèlérí ọdún méje fún àwọn fóònù olówó ńlá wọn. Àmọ́ Android olówó pọ́ọ́kú tí púpọ̀ nínú wa ń rà kì í rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, iPhone náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Lọ́dún 2025, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí iPhone 5s, 6 àti 6 Plus. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta irú rẹ̀ fún yín, kí ẹ rántí o.

Ní ti àwòrán, èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà Ojúde Ọba ọdún 2024, tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo ayé kan, àwọn onífóònù tó wà lórí pápá lọ́jọ́ náà kò níye, Android wà lọ́wọ́ àwọn kan, iPhone wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ẹni tó rí fọ́tò náà láti London kò bi wá pé irú fóònù wo la fi yà á.

OJÚ MI RÍ TÒKUNBỌ̀

iPhone tí mo ń lò yìí kọ́ ni mo kọ́kọ́ rà. Mo ra tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ontàjà kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ń tàn, ó ń pe èèyàn, ó mọ́ nigínnigín. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ní kí n nu gbogbo inú rẹ̀ dànù kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Bí ó ṣe tàn padà báyìí, ó ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Ta ni ẹni náà? Níbo ló wà? Ontàjà ní òun kò mọ̀ ọ́n. Owó tí mo fi oṣù mẹ́rin kó jọ di òkúta lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó tòkunbọ̀ iPhone, ẹ ní kí ontàjà nu inú rẹ̀ dànù lójú yín, kí ó sì tàn án padà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi gba orúkọ yín wọlé. Bí kò bá gbà, ẹ gbé owó yín, ẹ máa lọ. Àwọn fóònù Android náà ní irú àgádágodo yìí, ti Gmail ni wọ́n ń lò.

ẸNI TÓ Ń KỌ ÁÀPÙ

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé àjọ. Nígbà tí mo jókòó ti Màmá Àgbà, tí a ka gbogbo ènìyàn 43 tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹyọ kan péré ló ń lo iPhone. Àwọn kan ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, gbogbo àwọn yòókù ń lo Android. Màmá Àgbà fúnra rẹ̀, Android ló ń lò. Ìyẹn nìkan tó láti pinnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó tún wá fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ẹni tó fẹ́ kọ áàpù Android lè fi kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tó bá lágbára díẹ̀ kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni irinṣẹ́ tí Google fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó fẹ́ kọ ti iPhone gbọ́dọ̀ rí kọ̀ǹpútà Mac tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe, nítorí pé orí rẹ̀ nìkan ni irinṣẹ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Láti gbé áàpù sọ́jà Google, dọ́là 25 ni èèyàn ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti Apple jẹ́ dọ́là 99 lọ́dọọdún, bí ẹ kò bá sì san án mọ́, wọn yóò gbé áàpù yín kúrò lórí àtẹ. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí N1,500, N37,500 ni ti Google, N148,500 sì ni ti Apple, ọdọọdún ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń ta nǹkan nínú áàpù rẹ̀ tún máa ń já owó sílẹ̀ fún onílẹ̀: lọ́dún 2025, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn méjèèjì ń gbà lọ́wọ́ àwọn kéékèèké, ti àwọn ńlá sì máa ń tó 30 nígbà náà. Kì í ṣe nǹkan tuntun, bí olówó ọjà ṣe ń gba owó ìta náà nìyẹn.

Google náà kò fi gbogbo ẹnu rẹ̀ rọrùn o. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n ti ṣòfin pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ènìyàn 20 jọ tí yóò dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 láì dánudúró. Lóṣù kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n dín in kù sí 12. Nígbà tí mo ka òfin náà, ojú mi ṣú. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ènìyàn 12 tí kò ní já mi kulẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì?

Màmá Àgbà ló dá mi lóhùn. Ó ní àwọn tó ń dá àjọ lọ́jọ́ òjò àti lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn láti ọdún yìí wá, ṣé ọjọ́ 14 ló máa wá sú wọn?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, a pe àwọn ìyá 12 jọ ní ìsọ̀ aláṣọ kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò retí. Kí èèyàn tó lè dán áàpù náà wò, ó gbọ́dọ̀ mọ Gmail tó wà nínú fóònù rẹ̀. Nínú àwọn 12, mẹ́jọ ni kò mọ tiwọn! Ẹni tó tà á fún wọn ló bá wọn ṣí i lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, òun ló mú ọ̀rọ̀ aṣínà tó wù ú, ó sì ti gbàgbé. Bí wọ́n bá jí fóònù náà lónìí, gbogbo nọ́ńbà àti àwòrán inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọjọ́ méjì gbáko la fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe, a sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà olúkúlùkù sínú ìwé fún un láti tọ́jú sílé.

Àwọn ìyá yìí kò fi bò fún mi. Wọ́n ní lẹ́tà inú rẹ̀ kéré, mo sọ ọ́ di ńlá. Fóònù ẹnìkan kò ní àyè mọ́, mo gé áàpù náà kù títí ó fi wọlé. Wọ́n ní kí ó máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ata ló sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ó ní kí áàpù má kàn sọ iye tí òun dá, kí ó fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan han òun bí igi inú ìwé, kí òun lè kà á fúnra òun. Bó ṣe wà lónìí nìyẹn: ẹni tó bá dá N1,000 fún ọjọ́ 31 yóò rí igi 31, yóò rí i pé ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, yóò sì rí N30,000 tó kù fún un.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, gbogbo àwọn 12 ló ṣì wà níbẹ̀, ẹyọ kan kò yẹ̀.

ÀǸTÍ MI ÀTI ỌJỌ́ MÉJE

Àǹtí mi tó ń gbé ní Peckham, ní London, gbọ́ nípa rẹ̀. Èsúsú lòun àti àwọn obìnrin Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá lọ́hùn-ún, ó sì fẹ́ áàpù náà sórí iPhone rẹ̀. Nígbà tó wálé fún Ojúde Ọba lóṣù kẹfà ọdún 2025, mo yá kọ̀ǹpútà Mac lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo tún áàpù náà kọ, mo sì fi í sórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọdún náà. Inú rẹ̀ dùn, ó padà sí London. Ọjọ́ keje pé, ó pè mí pé áàpù kò ṣí mọ́.

Òfin Apple ni. Ẹni tí kò bá tíì san dọ́là 99 yẹn, ọjọ́ méje péré ni áàpù tó bá fi sórí iPhone fi ń ṣiṣẹ́, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àfi kó tún un fi sí i. Ta ni yóò máa lọ sí London lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀? Orí Android, èèyàn lè fi áàpù ránṣẹ́ láti fóònù kan sí òmíràn, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fi Xender ṣe. Àmọ́ Google náà ti ń so ìgbànú le. Lóṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n kéde pé àwọn yóò máa béèrè ìdánimọ̀ ẹni tó kọ áàpù, kódà bí kò bá gba ọjà wọn kọjá, pé orílẹ̀-èdè díẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2026 kí ó tó kan àwọn tó kù. Wọ́n ní torí àwọn gbájúẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n tún rántí pé ilẹ̀ onílẹ̀ la wà.

Ohun tí mo ṣe fún Àǹtí mi ni pé mo kọ ìwé èsúsú náà sí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, tí iPhone àti Android lè jọ ṣí, láìgba ọjà ẹnikẹ́ni kọjá. Kò yára tó áàpù gidi, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò tì í lọ́jọ́ keje.

Ní ìparí ọ̀rọ̀ mi, bí ẹ bá ń bi mí léèrè pé èwo ni kí ẹ rà, ohun tí màá sọ nìyí. Ẹni tó ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì fẹ́ ẹni tí yóò tètè bá a tún un ṣe, Android ni kó mú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ra nǹkan tí yóò pẹ́ fún un, tó sì lówó àtúnṣe rẹ̀, kó gba iPhone, kó ṣáà béèrè nípa ihò síìmù. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kí ẹ mọ Gmail tàbí orúkọ Apple tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ síbi tí ẹ̀yin nìkan mọ̀.

Màmá Àgbà ti ń fi fóònù gba àjọ láti ọdún tó kọjá, kò sì tíì sí ìjà kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó lọ, mo bá ìwé ńlá náà lórí tábìlì, ó ti fi ọ̀rá wé e ní ìlọ́po méjì, bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní: "Màmá, ṣé ẹ kò gbẹ́kẹ̀ lé áàpù mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé e, àmọ́ òjò ló pa ìwé, òun kò tíì mọ ohun tí yóò pa fóònù. Ó wá ní kí n jókòó, kí n máa ka ti fóònù sókè, kí òun máa ka ti ìwé, orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn, títí a fi ka ènìyàn 43 tán.